Àwọn Tó Wọ Jákẹ́ẹ̀tì Kí Agogo Tó Dún

Àbdùlgàfár kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ìkà èèyàn. Àléébù kan ṣoṣo ló ń bá a rìn láti kékeré: kò gbà pé ìdánwò kankan wà láyé yìí tí kò ní expo. Nígbà tó wà nílé ìwé n'Íbàdàn, ẹni tó máa ta ìdáhùn fún un ló kọ́kọ́ ń wá. Ìwé ló ń ṣí kẹ́yìn. Nígbà tó dé Toronto, tó ń gbé ní Jane and Finch, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi gbogbo òpópónà tí àwọn tó ń dán awakọ̀ wò máa ń gbà hàn án. Ó wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dijú wà á. Ó yege lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé ẹ rí i?" ló máa ń wí. "Kí ni èèyàn ń jìyà sí lórí ohun tí ẹlòmíràn ti mọ̀?"

Iṣẹ́ tó wá rí dára o. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi núkílíà pèsè iná mànàmáná létí adágún ńlá, lọ́nà Whitby, ló gbà á. Òun ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí agbésùnmọ̀mí bá ya wọbẹ̀. Ó ra ilé sí Courtice, ìyàwó rẹ̀ Ràbíátù àtàwọn ọmọ sì ń gbádùn ara wọn.

Lọ́dún kan, àwọn aláyẹ̀wò fẹ́ wá ṣe bí agbésùnmọ̀mí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ti gbára dì. Wọn ò ní sọ ọjọ́, wọn ò ní sọ wákàtí. Àbdùlgàfár àti ọ̀gá rẹ̀, Denise, nìkan ni wọ́n sọ ọjọ́ náà fún, àwọn méjèèjì sì búra pé kò ní jáde lẹ́nu àwọn. Denise ti sọ fún un pé bí àyẹ̀wò yìí bá lọ dáadáa, Àbdùlgàfár ló máa di olórí ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Òtútù ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Oṣù kejì ọdún ni, yìnyín bolẹ̀. Òfin ni pé bí agogo bá ti dún, kí àwọn ará ọ́fíìsì fi ohun gbogbo sílẹ̀, kí wọ́n sáré sọdá àgbàlá lọ sínú ilé onílẹ̀kùn irin. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi dánra wò, ṣe ni wọ́n máa ń padà lọ mú jákẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ẹ sáré!" Àbdùlgàfár á pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù yìí á ti pa wá kí agbésùnmọ̀mí tó dé," Akíndàmọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, á dáhùn. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Denise ní kó máa bá wọn ṣe é láràárọ̀. Bó pẹ́ bó yá, á mọ́ wọn lára. Àbdùlgàfár gbọ́, ó mirí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti gba ọ̀nà àtijọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán ní mọ́sáláṣí, ó bá Lateefat, igbákejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

"Lati, ọjọ́ Túsìdeè ni àyẹ̀wò náà o, kété lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Rọra ta àwọn èèyàn wa lólobó."

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣebí ẹ búra ni?"

"Mo búra pé mi ò ní sọ fún àlejò. Ṣé àlejò ni ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ tèmi kúrò. Ẹ lọ kọ́ wọn ní sísá, ìyẹn ló yá." Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àbdùlgàfár rẹ́rìn-ín, ó bá pe Akíndàmọ́lá lórí fóònù. Ẹyin lóhùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ti yí gbogbo ọ́fíìsì ká, ó ti dé etí ìyá tó ń ta kọfí.

Ọjọ́ Túsìdeè pé. Aláyẹ̀wò onírùngbọ̀n kan yọ́ wọ ọ́fíìsì kí agogo tó dún, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n á ṣe ṣe. Ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn bí ọmọ dáadáa, jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, fìlà lórí, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Híítà ń ṣiṣẹ́ gidi, òógùn sì ń ṣàn lójú wọn.

Ó bi Akíndàmọ́lá tó jókòó sítòsí pé, "Ṣé òtútù ń mú yín ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin la ń dúró dè."

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa dúró dè wá?"

"Ọ̀gá Gàfárù ni, sà. Wọ́n láàánú wa gan-an."

Wọn ò tiẹ̀ lu agogo náà mọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ ṣe bí agbésùnmọ̀mí, tí wọ́n ti ń gbọ̀n nínú ọkọ̀ wọn, máa lọ sílé. Denise pe Àbdùlgàfár wọ yàrá rẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn, ìbéèrè kan péré ló bi í: "Ọjọ́ tí ogun gidi bá dé, ta ló máa kọ́kọ́ wá fi ọjọ́ rẹ̀ tó wa létí?"

Wọ́n gba káàdì tó fi ń wọlé iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lateefat ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka. Láràárọ̀ ló ń lé wọn sọdá yìnyín, eyín wọn á máa lu ara wọn, wọ́n á máa fi ara wọn ṣẹ̀sín, títí ó fi di ohun tí ẹsẹ̀ wọn ń ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò padà yọ sí wọn lójijì, wọ́n yege láìlábàwọ́n. Ní ti Àbdùlgàfár, ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ní Whitby ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Oúnjẹ ń bẹ nílé, Ràbíátù ò sì bú u rí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wakọ̀ kọjá níwájú géètì ilé iṣẹ́ náà. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ á juwọ́ sí i, òun náà á juwọ́ padà, á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, nítorí géètì náà kò ní ṣí fún un mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdánwò kì í ṣe ọ̀tá wa. Òun ló ń fi ibi tí ògiri ti lanu hàn wá, ká lè dí i kí aláǹgbá tó wọlé. Ó dára ká ran ara wa lọ́wọ́ nílẹ̀ àjèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀ á bá a fara ṣiṣẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n ṣe, kò ní jí ìdáhùn fún un. Àṣírí tí wọ́n bá sì fi síkàáwọ́ wa, ká pa á mọ́, kódà fún ará ilé ẹni. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé olobó, torí ogun gidi kì í dájọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó dé.