Ẹni Tó Dáhùn Sálámà

Ìwé mẹ́ta tí Sáláwátù kà nígbà ọmọge, ìtàn àwọn àlùjọ̀nnú ilẹ̀ Lárúbáwá, ni Gàníyù ọkọ rẹ̀ tún rà fún un. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà wọ́n tán kó tó kó wọn fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní pálọ̀, Sáláwátù kà dé ibi tí ìwé ti sọ pé àlùjọ̀nnú kì í wọlé àfi bí ará ilé bá dáhùn sálámà rẹ̀. Ni ẹnìkan bá sálámà lójú fèrèsé. Òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì ń gbé. Ohùn náà tún sálámà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Bàbá Kúdí, ẹ má dá a lóhùn o,” ó rọra sọ sí ọkọ rẹ̀ tó wà ní yàrá.

Ó gbọ́ tí Gàníyù yí kọ́kọ́rọ́ yàrá láti inú.

“Wa alaykumu sàláámù,” ni ọkọ rẹ̀ wí. “Ìyá Kúdí wà ní pálọ̀.”