Okùn Ọ̀sán Sátidé

"Ẹ fún un le dáadáa! Àbí ẹyin lẹ rò pé ẹ ń dì ni?"

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì na ọwọ́ méjèèjì sí ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé okùn yìí wálé, ọkọ ti sáré fín lọ́fínńdà sára. Kò mọ̀ pé oorun lásán ni obìnrin náà ń wá.

Fóònù ìyàwó dún. Ilé ìwòsàn ni.

"Ṣé kí n tú ẹ?"

"Rárá o! Ẹni tí wọ́n so lọ́wọ́, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

Kò pẹ́, ó ti ń hanrun.

Ni fóònù ọkọ náà bá dún. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Ó wo fóònù, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó rọra mú okùn tó kù, ó jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ ara rẹ̀.