Àkùkọ Amọ̀ Oronzo

Ọwọ́ Oronzo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Àbùkù ara ẹnikẹ́ni tó bá ti rí, dandan ni kó fi amọ̀ mọ ọ́n. Fèrè amọ̀ tó rí bí ère là ń ṣe ní Rutigliano, ìlú wa ní Ítálì, ọjọ́ Àǹtóní Mímọ́ la sì ń tà á, nínú òtútù oṣù kìíní. Ìdí ère ni ihò wà. Ibẹ̀ la ń fẹnu sí fọn. Oronzo ti mọ ọlọ́pàá oníkùn rí, ó sì ti mọ èmi náà pẹ̀lú imú mi yìí. Mo ra mẹ́ta.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìfẹ́ Nunziata oníbúrẹ́dì ti wọ̀ ọ́ lára. Opó ni Nunziata, kò sì kọ̀ ọ́: búrẹ́dì tó gbóná jù ló máa ń yọ fún un. Ó ku kí Oronzo ṣe bí àwọn baba wa ti ń ṣe, kó fi àkùkọ amọ̀ sínú agbọ̀n ọsàn, kó fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Àǹtóní. Bí obìnrin bá fọn ún bíi fèrè, ó ti gbà láti fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Màmá Palmira, ìyá Nunziata, ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Oronzo rí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti mọ ọ́n, tòun ti bàtà kan ṣoṣo.

Dora, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó máa ń kun àwọn fèrè náà, gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Mi ò ní kun èyí. A kì í ti ojú oníka mẹ́sàn-án kà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, eré ni. Màmá fúnra wọn á rẹ́rìn-ín."

"Àna rẹ ni o fẹ́ kí ayé máa fẹnu sí nídìí?"

Oronzo mọ irú rẹ̀ púpọ̀ sí i fún títà, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kùn wọ́n.

Lọ́jọ́ ọjà Àǹtóní, agbọ̀n ọsàn ti lọ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Nunziata ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó fi ọwọ́ kan di ìyá rẹ̀ mú, àkùkọ wà ní ọwọ́ kejì. Níwájú gbogbo wa ló fẹ́ ti fọn ún. Màmá Palmira ló kọ́kọ́ dé ìdí tábìlì tí Oronzo ti ń tajà. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ère oníbàtà kan náà, ó wò ó títí.

"Ta ni màmá yìí?" ó bi Oronzo. "Ó ṣe mí láàánú. Òtútù á mú un."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ kan, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Bá mi wọ̀ ọ́ fún un."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ojú tì mí, nítorí mo ti ra ọ̀kan, ó wà lápò mi.

Nunziata kúnlẹ̀, ó wọ bàtà náà padà sẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó wá gbé àkùkọ sáàárín àwọn fèrè tó wà fún títà.

"Nunziata, eré ni mo ń ṣe."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n Oronzo. Eré yín yẹn náà ni mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi ta eléyìí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fèrè amọ̀ náà kò yàtọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Oronzo kò mọ ère ènìyàn mọ́. Bí oṣù kìíní bá dé, bàtà kékeré kan ló máa ń mọ, á gbé e lọ sílé búrẹ́dì. Nunziata á gbà á, á dúpẹ́, á tò ó sójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà, á ta búrẹ́dì fún un bó ṣe ń tà fún gbogbo wa, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti bà. Oronzo á lọ jẹ ẹ́ nílé, òun nìkan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe, ẹ gbọ́. Ẹ fi imú mi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà á bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ mọ́ pé òun là ń fi rẹ́rìn-ín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí onítọ̀hún kò lè bá wa rẹ́rìn-ín sí, ìwọ̀sí ni, àtẹni tó ṣe é, àtẹni tó rà á, wọ́n jọ jẹ̀bi ni.