Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣe Bí Èkejì

“Fara balẹ̀, ó ti ń yí padà.”

Lẹ́kítọ̀ ọmọ Èkìtì kan ló ń fi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kàn balẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ìyàwó rẹ̀ l'Ókokomaiko. Kọ̀ǹpútà oríṣi mìíràn, tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ló ń ṣí dísíkẹ́ẹ̀tì tí akẹ́kọ̀ọ́ kó iṣẹ́ rẹ̀ sí wá. Ìyàwó ti bẹ̀bẹ̀ títí pé kí ọkọ òun ra irú ẹ̀ l'Álábà, torí gbogbo oníbàárà ló ń sá lọ. Ọkọ kọ̀. Ọ̀mọ̀wé mà ni. Sọ́fítíwià ló rà, tí yóò mú kí kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ máa ṣe bí èkejì.

“Ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ méjì! Kí lèèyàn ń ra òmíràn sí?”

Ìró ọmọ odó ń dún lẹ́yìnkùlé, gbì, gbì. Itọ́ dà lẹ́nu lẹ́kítọ̀. Iyán lọ̀sán òní!

Kọ̀ǹpútà ṣì ń yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ sùn, ó jí, ó mú dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì.

“Aláìnísùúrù,” ni lẹ́kítọ̀ wí.

Ìyàwó gbé oúnjẹ wọlé. Ọkọ ṣí abọ́, ó bá ẹ̀bà níbẹ̀.

“Màmá Adéolú, iyán dà?”

“Òun náà nìyẹn, Dádì. Mo ní kí ẹ̀bà máa ṣe bí iyán ni.”

“Ṣebí mo gbọ́ ìró odó!”

“Odó òfìfo ni mo ń gún. Ẹ fara balẹ̀, ó ti ń yí padà.”