Iná Tí Mùyìbátù Mú Jáde Nínú Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi kà á kan ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá dúró níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, ẹ ó rò pé ìtàn ayọ̀ ni.

1.
Tíṣà kan wà ní Ìwéré-Ilé tó ti fẹ̀yìn tì, Dúróríkẹ́ lórúkọ rẹ̀. Màmá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya ìwé àwòrán kan fún àwọn ọmọ kékeré: iná mú pápá, ìyá àparò ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sá lọ sódò. Èyí tó kéré jù ní òun ò lọ, òun ò tíì jẹ ẹ̀pà òun tán. Kò sí ọmọ tí kì í rẹ́rìn-ín tó bá dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń bọ́ Màmá Tíṣà. Oko kajú ni. Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbìn ín ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò sì ní nǹkan mìíràn tó gbójú lé. Ẹ̀yìn pápá ilé-ìwé ni oko náà wà. Koríko gbígbẹ nìkan ló wà láàárín wọn.

Mùyìbátù, aránṣọ, ló máa ń kó àwọn ọmọdé jọ ṣeré. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ, ó kàn ń ṣe é títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó lọ bá Màmá Tíṣà pé òun fẹ́ fi ìwé náà ṣeré níwájú ìlú.

"Mú un lọ, ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: aṣọ pupa ni kí ẹ fi ṣe iná. Ọyẹ́ ti dé."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí aṣọ niṣẹ́ mi."

2.
Ó rán aṣọ náà lóòótọ́. Àwọn ọmọ dì í mú létí méjèèjì, wọ́n ń sáré, ó ń jó bí iná. Ó dára! Mùyìbátù ká a sílẹ̀, ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìséyìn, Sọ̀fíyàt, ló kọ́kọ́ dáhùn: "Sísí Télọ̀! Ṣé eré lẹ̀ ń ṣe ni, àbí ẹ ń sá aṣọ?"

Gbogbo ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Mùyìbátù náà fi ẹ̀rín ránṣẹ́ padà, àmọ́ ó ká aṣọ pupa náà jù sí igun ilé.

3.
Ó ku ọ̀la kí eré wáyé, ó gba ilé Ọdẹ́bọ̀dé lọ, àgbà ọdẹ tó máa ń darí àwọn ọdẹ tí wọ́n bá fẹ́ sun ìgbẹ́.

"Bàbá, iná kékeré ni mo fẹ́ dá lẹ́yìn àwọn ọmọ nínú eré wa."

"Àwa tí à ń dáná lé ọ̀yà, a ó kọ́kọ́ ro ilẹ̀ yí ibẹ̀ ká títí ilẹ̀ pupa á fi hàn. A ó mú ewé tútù dání. A ó sì dúró di ìdájí, tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Àwọn ará káńsù ń bọ̀ lọ́la! Eré ọmọdé lásán ni, Bàbá."

"Ṣé iná náà mọ̀ pé eré lẹ̀ ń ṣe? Màmá Tíṣà ńkọ́, o ti sọ fún un?"

"Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kò burú."

Irọ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo ibí yìí dáadáa. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, Ọdẹ́bọ̀dé ì bá dìde lọ bá Màmá Tíṣà. Ó kàn mi orí, ó ní òun ò ní lọ́wọ́ sí i.

4.
Lẹ́yìn ìrun Àsárì, pápá kún. Iwájú ni Màmá Tíṣà jókòó sí, ó ń nu ojú bó ṣe ń rí àwòrán rẹ̀ tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀. Àwáwù, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé àyà síwájú, ó ní, "Ẹ̀pà mi ò tíì tán!" Àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí bẹ́ńṣì.

Mùyìbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ, ó ṣá ìṣáná sí koríko.

Iná sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n na fóònù sókè. Màmá Tíṣà nìkan ló dìde.

"Mùyìbátù! Kí lo dáná sí yẹn?"

Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọyẹ́ ti fẹ́ iná náà kọjá sínú oko kajú. Àwọn ọmọ sá jáde, ìkankan nínú wọn ò fara pa, a dúpẹ́. Àwọn ọdẹ dé pẹ̀lú ewé tútù, àwọn obìnrin ń gbé omi. Òdòdó kajú ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Ìrun Màgàríbì ò tíì tó tí oko fi jóná tán.

5.
Fídíò náà wá tàn káàkiri Òkè-Ògùn bí Mùyìbátù ṣe fẹ́. Àwọn òbí gba ọmọ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà wá kó aṣọ tí kò tíì gé.

Ó lọ kúnlẹ̀ nínú eérú, níbi tí Màmá Tíṣà dúró sí.

"Màmá, ẹ dárí jì mí."

"O sọ fún Ọdẹ́bọ̀dé pé mo gbọ́?"

Mùyìbátù dojú bolẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ó yá, sọ fún mi, kí ni n ó máa jẹ?"

Lónìí, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, Màmá Tíṣà ń bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń yan gààrí ní Ìgànná. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ ẹlòmíì ṣeré, bí oníṣẹ́ bá ṣe ní kí ẹ ṣe é ni kí ẹ ṣe é. Tí ẹni tó mọ iná bá ní kí ẹ ro ilẹ̀, ẹ gbé ọkọ́, tàbí kí ẹ má dáná rárá. Ẹ má sì fi ẹnu ẹni tí kò sí níbẹ̀ gba àṣẹ. Tí ohun ìní rẹ̀ bá ti jóná, ẹ̀bẹ̀ yín ò ní mú un hù padà.