Ìṣirò Tí Levi Kọ́ Adédiwúrà

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì o, ẹ kà á dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: táyà tí wọ́n fẹ́ kún bámú, tó wá pẹ́ lóòrùn, kí ló lè ṣe é? Ẹ káre. Ó lè bẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ń wá àyè sí i.

1. Ní 2004, Levi àti Adédiwúrà jọ ń lọ sí ilé lẹ́sìn Uncle Bánjọ ní Ìkòsí. Lọ́jọ́ kan, Levi ṣi ìṣirò níwájú kíláàsì.

"Levi, ṣé orí nìyẹn àbí ohun tí wọ́n kàn ń dé fìlà lé?" Adédiwúrà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Levi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dì í sínú. "Màá gbẹ̀san," ó ń wí lọ́kàn. "Lójú ìyá rẹ̀ ni màá ti gbà á."

2. Ọjọ́ tí àwọn òbí ń bọ̀ wá wòran kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì fẹ́ da kán-ún pọ̀ mọ́ ọtí kíkan nínú ìgò, kí wọ́n dé e pa, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tó bá jáde pa iná àbẹ́là. Adédiwúrà ló máa ṣírò àyè tí afẹ́fẹ́ náà máa gbà, kó sì wá ìgò tó bá a mu.

"Levi, jọ̀ọ́, mi ò wá lánàá. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. V = nRT ÷ P. V ni àyè tí à ń wá, n ni iye afẹ́fẹ́ (0.1 ni tiwọn), T ni ìgbóná (dígírì 27 ni lọ́jọ́ náà), P ni agbára tó ń tẹ afẹ́fẹ́ náà (1 ni). R kì í yí padà, 0.082 ni. Ìgbóná ọ̀hún, a kì í lò ó bí a ṣe kà á. A máa ń fi 273 kún un, kí 27 lè di 300. Ìṣirò tó tọ́ nìyí: 0.1 × 0.082 × 300 ÷ 1. Ó jẹ́ lítà méjì àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀.

Levi mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ ó wí pé: "Má fi nǹkan kan kún 27 o. Bó ṣe wà yẹn ni kó o lò ó."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ, Levi!"

Ohun tí Adédiwúrà rí kò tó ìdá mẹ́rin lítà kan. Ìgò kékeré ló mú wá. Levi ń fi ọkàn rẹ́rìn-ín: ìdérí á fò, ìfófòó á bò ó lójú, àwọn òbí á fi í ṣẹ̀sín.

3. Àṣà kan wà ní ilé lẹ́sìn yẹn: ẹni tó bá kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ni yóò di ìgò mú, kí ayé lè yẹ́ ẹ sí. Levi rò pé onígbéraga bíi Adédiwúrà kò ní dárúkọ òun láéláé.

Àfi bí Adédiwúrà ṣe dìde lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo òbí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Levi. Òun ló kọ́ mi!"

"Levi, ṣé ó tọ̀nà?" Uncle Bánjọ bi í.

Tó bá sọ òótọ́, àṣírí tú. "Ó tọ̀nà, sà."

"Ọmọ dáadáa!" ni ìyá Adédiwúrà ń pariwo, bí Adédiwúrà ṣe da kán-ún mọ́ ọtí kíkan, tí Levi sì ń dé ìgò náà pinpin.

Ìgò bẹ́. Àfọ́kù wọ ojú ọ̀tún Levi, ojú náà sì fọ́.

Ní ọsibítù, Adédiwúrà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń sunkún. "Dárí jì mí. Èmi ni mo ṣi ìṣirò yẹn."

Levi yí orí sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìmọ̀ gbẹ̀san. Ẹ má sì dé irú ìgò bẹ́ẹ̀ pa láéláé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ó yá, ẹ mú bírò. Bí ìgbóná afẹ́fẹ́ yẹn bá di 37, àyè lítà mélòó ló máa gbà? Ẹ ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan tó ti ṣẹ̀ yín rí, kí ẹ sì kọ́ ọ bó ṣe tọ́.