Jórinjórin Tó Ń Bẹ̀rù Iná

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan tó fúnra rẹ̀ wà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù léèsì Ìyá Khàlíl, lẹ́yìn Àgọ́ Palace. Inú mọ́tò ló ti wọ gbogbo ohun tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́: ìbọ̀wọ́ aláwọ, bàtà tó le koránkorán, ìbomú, àti ike aláwọ̀ èéfín tó bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó gbé gíráńdà tó fẹ́ fi gé irin sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọládòṣù ń wò ó láti ìsọ̀ tirẹ̀ ní òdìkejì títì. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń jórin ládùúgbò náà. Kò lo awò rí. Gáàdì tó bo díìsì gíráńdà rẹ̀, ọjọ́ tó ra ẹ̀rọ náà gan-an ló ti tú u dànù, bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe, nítorí ó ń dí ojú iṣẹ́.

Ọkùnrin náà sọdá wá bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ iná lọ́dọ̀ yín. Ìyá Khàlíl ló ní kí n yọ ilẹ̀kùn irin yẹn, kí n gbé tuntun sí i kí wọ́n tó ti Mẹ́kà dé. Kọ́kọ́rọ́ ti kán sínú àgádágodo."

Ọládòṣù wo ilẹ̀kùn náà. Òun ló ṣe ilẹ̀kùn yẹn. Ìyá Khàlíl ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìsọlọ̀, fèrèsé méjìlá ló sì ń dúró de irin lára ilé náà. Láti oṣù kẹta ló ti ń bẹ obìnrin náà pé kó gbé iṣẹ́ yẹn fún òun, ó kàn ń sọ pé kó má yọnu. Àṣé irú eléyìí ló ń wá.

Ọládòṣù na wáyà fún un. "Ibo lo ti kọ́ṣẹ́?"

"Ọ̀ṣun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ó hàn."

Ọkùnrin náà ka déètì tó wà lẹ́yìn díìsì. Ó fi ìka kàn án, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó yí gáàdì sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé garawa iyanrìn sítòsí. Ó tan ẹ̀rọ, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kó kọ́kọ́ yí lófo fún ìṣẹ́jú kan. Ó pa á. Ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí déètì.

Memunat, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pòṣé. "Ṣé irin lo fẹ́ gé ni, àbí òṣùpá lò ń lọ?"

Gbogbo èèyàn tó ti dúró wòran rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkùnrin náà wá fi ẹ̀rọ kan irin, ó fà á sẹ́yìn, ó ní iná ta sí òun.

"Gbé e wá jàre," ni Ọládòṣù wí bó ṣe sọdá wá. "Ojo lásánlàsàn."

Ó gba gíráńdà, ó fi sípánà tú gáàdì rẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn. Ọkùnrin náà na awò kan sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi bojú. Díìsì lè fọ́."

"Gbé e fún ìyàwó ẹ. Memunat! Fi fóònù mi yà mí ní fídíò. Ya ojú mi dáadáa, kí Ìyá Khàlíl lè rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń wọṣọ iṣẹ́."

Memunat dojú fóònù kọ ọ́. Iná ń ta sí Ọládòṣù láyà àti ní irùngbọ̀n, eruku irin ń fò gba ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ kọjá. Lẹ́ẹ̀kan, díìsì há, ẹ̀rọ náà ta sókè sí ọ̀fun rẹ̀. Memunat ké. Ọládòṣù rẹ́rìn-ín, ó tún fi kan irin. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí àgádágodo náà fi já bọ́. Ó na ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú fóònù, ó ń kà wọ́n.

"Ó ku ibi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ògiri," ni ọkùnrin náà wí, "àmọ́ iná lè ta sí léèsì, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tó bá lè jóná, ká kọ́kọ́ kó o kúrò."

"Ẹ bá a kó o sínú mọ́tò ẹ̀," ni Ọládòṣù wí, "kó má bàa tọ̀ sára."

Èèyàn mẹ́fà ló kó léèsì náà tán, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọládòṣù gé ìyókù, ó gbé ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin lọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé ilẹ̀kùn tuntun wá, ẹ̀yin náà lẹ máa bá mi dè é. Kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀?"

"Sínú eruku? Orí ẹ ò pé. Yára lọ gbé e wá."

Ọkùnrin náà so bẹ́líìtì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ọládòṣù fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Ìyá Khàlíl, ó sì fi ohùn tẹ̀ lé e: "Àlàájà, èmi Ọládòṣù ni mo gé e o, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ rán. Ẹ má gbàgbé fèrèsé méjìlá." Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń retí èsì.

Ní Mẹ́kà, Ìyá Khàlíl, tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́pàá, pé ojú olè náà hàn kedere.